Ọwọ́ Tó Ń Tún Irun Dì ní Tíátà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́tí. Ameenat ló sọ ọ́ fún mi, ọmọ bíbí inú obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Bí Ameenat bá purọ́, ojú rẹ̀ ló máa ń tú u fó, mo sì ń wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbà, kó gbà. Ẹni tí kò bá gbà, èmi ò ní bá a jà.

Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ń gba oúnjẹ lẹ́nu olówó àti tálákà ni, tí sójà ń pàṣẹ lórí wa. Sùlíyá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìsọ̀ irun dídì ní Agége, níbi tí àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ìhunṣọ máa ń gbà kọjá bí fèrè bá ti dún pé iṣẹ́ parí. Láti Ìfàkò títí dé Àgídìngbì, kò sí ẹni tó mọ irun dì bíi tirẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pamọ́. Bó bá rí irun tí ẹlòmíràn dì, á pòṣé. "Ta ló ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe báyìí?" Bí ẹ bá fi aṣọ di ojú rẹ̀, tí ẹ gbé orí ogún ènìyàn síwájú rẹ̀, á fọwọ́ kàn wọ́n, á sì mú èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú wọn. Onídìrí gidi ni.

Gẹ̀gẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ti ń fi ìborùn bò ó tipẹ́, àmọ́ nígbà tó yá, kò jẹ́ kó mí dáadáa mọ́. Dókítà ní bí wọn kò bá tètè là á, á fún un lọ́rùn pa lójú oorun lọ́jọ́ kan. Sùlíyá gbà. Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ.

Ló bá di ká máa dúró. Lónìí, àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá padà, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà á tán. Bí afẹ́fẹ́ bá dé, NEPA á mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní lépo nínú. Sùlíyá á ti fi ebi sùn nítorí iṣẹ́ abẹ, oòrùn á kan àtàrí, wọ́n á wá ní kó lọ jẹun, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọrùn ni wọ́n fẹ́ là, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń pa àgbò iléyá. Bó bá ti dùbúlẹ̀, tó tẹjú mọ́ àjà, ọ̀bẹ ló ń rí. Lẹ́yìn odi ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ń ké tọ̀sán tòru. Bí iná bá lọ, gbogbo wọn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú jù. Nínú rẹ̀, ó máa ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ tó ń há lọ́nà ọ̀fun.

"Ìyá, ẹ wá nǹkan fọwọ́ yín ṣe," Nọ́ọ̀sì Àlàbá sọ fún un. "Ìrònú á pa yín kó tó kàn yín."

"Kí ni kí n ṣe? Kí n máa ka bíríkì ara ògiri?"

"Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń lọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ, irun wọn ò wọ inú fìlà wa. Rúdurùdu ni orí gbogbo wọn."

Sùlíyá dìde jókòó. Ó ní kí Ameenat lọ gbé òòyà òun wá láti ìsọ̀.

Ìyá Mùíbì, tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀, ló kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Sùlíyá di kòlẹ́sẹ̀ fún un, ó lẹ̀ mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí. "Bí dókítà bá rí orí yìí," ó ní, "á gbàgbé ibi tó fẹ́ là." Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Wọ́n gbé Ìyá Mùíbì lọ. Wọ́n gbé e padà, ó yè. Sùlíyá lọ kí i, ó sì fọwọ́ pa á lórí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kì í ṣe òun ló di irun yìí. Iye ìlà ò yí padà, ojú ibi tó là á sí náà ni wọ́n là á sí. Ṣùgbọ́n Sùlíyá, òkè ló máa ń gbé ìpín irun kan gbà kọjá lórí èkejì bó bá ń dì. Abẹ́ ni èyí gbà. Ó yọ sókè lórí awọ orí bí ebè oko. Ìlà náà tọ́, kò sí ẹyọ irun kan tó ṣìnà. Ó dára ju tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn ún.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló tú irun Ìyá Mùíbì?"

"Irun wo?"

"Ẹnì kan tú u ní tíátà. Ó tún un dì."

Nọ́ọ̀sì Àlàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, fìlà ò kúrò lórí ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ta ló ráyè irun?"

Ẹnì kejì lọ, ó padà. Bákan náà. Ẹnì kẹta lọ, ó padà. Bákan náà. Kò sí ẹni tó rí i àfi òun. Bó bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Irun tí ẹ dì náà ni, Ìyá Onídìrí." Gbogbo wọn ló sì yè. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tàn ká ilé ìwòsàn: orí tí Ìyá Onídìrí bá ti dì, kì í kú sí tíátà. Àwọn obìnrin ń ti wọ́ọ̀dù mìíràn wá. Bàbá kan tí orí rẹ̀ pá ní kó sáà bá òun fọwọ́ kàn án. Sùlíyá gba ìyìn wọn, ó gbé àgbọ̀n sókè lórí gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ta ni onítọ̀hún? Ta ló gbójú gbóyà láti tú irun tí òun dì?

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ yẹn, kò rí ọ̀bẹ mọ́. Bó bá jí, ọwọ́ yẹn ló ń rò. Bó bá ń jẹun, ọwọ́ yẹn ló ń rò. Ó ń la ìlà wẹ́wẹ́, ó ń fi gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ sí i. Wọ́n á gbé ẹni náà padà, irun á wẹ́ ju bó ṣe dì í lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí kò sì sí iṣẹ́ abẹ kankan, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà tíátà. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dákẹ́. Ó fi etí lé pákó.

Ó gbọ́ òòyà. Ṣàá. Ó dákẹ́. Ṣàá. Bí ẹni tó fara balẹ̀ ń la irun.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan pòṣé nínú ibẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Sùlíyá béèrè.

Òòyà náà dúró. Sùlíyá yí padà. Kò sáré o, Sùlíyá kì í sáré. Ṣùgbọ́n ó yára rìn, bàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sọ́nà, kò padà mú un.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé Bọ́sẹ̀dé lọ. Ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni, kò tíì lọ́kọ, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì máa ń pe Sùlíyá ní "ọ̀gá mi." Sùlíyá fi gbogbo àárọ̀ dirun fún un. Kò dirun bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Bọ́sẹ̀dé padà, tó ń sùn, Sùlíyá sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lórí.

Òkè ló gbà. Ọwọ́ òun ni! Wọn ò tú ẹyọ kan.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Mo borí ẹ!" ó kígbe sí ọ̀nà tíátà. "O ò rí ibi tún ṣe lónìí, àbí?" Àwọn aláìsàn ń wò ó. Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ tán, ó béèrè fún òmíràn, ó sùn fọnfọn.

Nígbà tó jí láàárọ̀, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì Bọ́sẹ̀dé. Rọ́bà fóòmù nìkan ló kù. Nọ́ọ̀sì Àlàbá ń nu ojú rẹ̀ nídìí fèrèsé.

Sùlíyá jókòó. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Àwọn tí ọwọ́ yẹn tún irun wọn dì ló yè. Èyí tí kò fọwọ́ kàn ló lọ. Kì í ṣe pé òun borí. Ojú tì í débi pé ó fi ìborùn bo orí, ó sunkún Bọ́sẹ̀dé, ó sunkún ara rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì dé. "Ìyá, afẹ́fẹ́ ti dé. Epo wà. Tiyín di àárọ̀ ọ̀la."

Ta ni yóò wá dirun fún un? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ameenat nìkan ló wà nítòsí, Ameenat tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ abọ́ tánganran, tó ti ń sá fún òòyà láti kékeré.

"Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n dì. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n dì."

"Dì í bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò ní bú mi?"

"Mi ò ní bú ẹ."

Ameenat dì í. Ìlà wọ́, ibì kan le, ibì kan dẹ̀. Sùlíyá fọwọ́ kàn án, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run: jẹ́ kí ẹni yẹn tú u. Jẹ́ kó fọwọ́ kan orí mi. Òun Sùlíyá, tí kì í jẹ́ kí onídìrí kankan fọwọ́ kan irun òun!

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í lọ, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń dún. Tíátà tutù, ó ń rùn bí Ìzàl tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Wọ́n ní kó máa ka oókan, eéjì. Kó tó ṣí ẹnu, ó mọ̀ pé ẹnì kan dúró níbi orí òun, lẹ́yìn, níbi tí ojú rẹ̀ ò lè dé. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò sunkún sí i.

"Ọ̀gá," ó ní, "orí rèé."

"Ìyá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" nọ́ọ̀sì béèrè. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ṣú lójú rẹ̀.

Ó jí lọ́sàn-án. Báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Ameenat wà nítòsí. Sùlíyá rọra gbé ọwọ́ lọ sí orí.

Ẹ̀gbẹ́ òsì gba abẹ́. Ó yọ bí ebè, ó tọ́, ó wẹ́. Ó fẹ́ dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sí ọ̀tún. Ibẹ̀ wọ́, ó dẹ̀. Bí Ameenat ṣe dì í ló ṣe wà.

Ìlàjì. Kí ni ìtumọ̀ ìlàjì? Bọ́sẹ̀dé ò rí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Sùlíyá dùbúlẹ̀, ó ń wo oòrùn tó ń fà sẹ́yìn lára ògiri, ẹ̀rù sì mú un gidigidi.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rántí nǹkan kan. Ní agboolé ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọ̀gá onídìrí méjì bá pàdé nídìí irun ìyàwó, àgbà ni yóò bẹ̀rẹ̀. Á dì í dé ìlàjì, á sì gbé ọwọ́ kúrò. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń fi ìlàjì sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá kà sí ẹgbẹ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń fi í sílẹ̀ fún.

Orí Sùlíyá wú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbé òòyà wá," ó ní.

"Màámi! Ọrùn yín!"

"Mo ní kí o gbé òòyà wá. Dì mí ní ìgbọ̀nwọ́ mú."

Nọ́ọ̀sì Àlàbá pariwo títí, ó sú u. Sùlíyá tú èyí tí Ameenat dì, ó ń là á lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń dì í, òógùn ń bọ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sinmi, á tún mú un. Kò fara wé ẹnikẹ́ni. Òkè ló ń gbé e gbà, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Ó parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ṣe bísímílàhì, ó sì di ojú rẹ̀.

Fèrè ilé iṣẹ́ ló jí i láàárọ̀. Dókítà dé, ó tú báńdéèjì wò, ó ní, "Ìyá, ẹ ti bọ́." Ameenat ṣe àlùàmùdúlílàhì, ó bú sẹ́kún, ó nu ojú, ó wá ń yí orí ìyá rẹ̀ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màámi, ẹ̀gbẹ́ wo gan-an lẹ dì lánàá? Mi ò mọ ìyàtọ̀."

"Ọmọ onídìrí! O ò rí i?"

Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti fi hàn án. Abẹ́ ni irun náà gbà. Ó yọ bí ebè. Ó gbé ọwọ́ sí òsì, ẹ̀gbẹ́ tí kò fọwọ́ kàn rárá lánàá. Òkè ni èyí gbà. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti iwájú dé ìpàkọ́, ó tún un tọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò lè ṣì í mọ̀ láé. Àfi bí ẹni pé òun àti ọ̀gá yẹn ti jọ dirun mọ́jú, tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀rọ ìhunṣọ dákẹ́ lẹ́yìn odi. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn rí lọ.

"Èwo ni, Màámi?" Ameenat tún bi í.

"Méjèèjì," Sùlíyá dá a lóhùn, ó sì ní kó bu omi fún òun mu.