Èyí Tó Ń Gbé Ìkejì Rẹ̀

Èmi-Ò-Bẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe wẹ́dà náà, ọkùnrin tó ń jó irin mọ́ irin. Kì í bẹ èèyàn, kì í bẹ Ọlọ́run. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń lọ sílé ìjọsìn, á ní, "Bá mi kí I o. Sọ fún Un pé apá mi ló ń bọ́ mi."

Ìyàwó bí. Ìbejì ni, ọkùnrin méjì. Ṣùgbọ́n, ẹ gbà mí o, àyà wọn lẹ̀ mọ́ra.

Wẹ́dà sáré dé ilé ìwòsàn láti ṣọ́ọ̀bù, awò dúdú tó fi ń jó irin ṣì wà lójú rẹ̀. Kò bọ́ ọ. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

"Ẹ gé wọn!" ló wí fún dókítà. "Ohun tó bá lẹ̀, ó ṣeé gé. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Bàbá, ọmọ kì í ṣe irin. Ẹ̀dọ̀ kan ni wọ́n jọ ń lò. Ọkàn èyí kékeré ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti èyí ńlá ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara àwọn méjèèjì, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí a ò bá là wọ́n, méjèèjì á lọ. Bí a bá là wọ́n, ọ̀kan lè yè."

Wẹ́dà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbójú sókè. "Ìwọ! Kí ni mo ṣe fún Ọ? Mi ò ní bẹ̀ Ọ́!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà wà níbẹ̀, kunlékunlé tó ń fi ọ̀dà kun ilé, tí wọ́n ti jọ ń mutí kí Jésù tó gbà á. "Bá A jà, Ó ń gbọ́."

"Lọ jókòó jàre, pásítọ̀ ọ̀dà."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ńlá yẹn, ta ló bẹ̀ ẹ́ kó máa gbé ìkejì rẹ̀?"

Wẹ́dà kẹ̀yìn sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó sì ń kú lọ nítorí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe fún èmi ọ̀mùtí. Kó o tó bẹ̀ Ẹ́ ló ti ń gbé ẹ."

Wẹ́dà bọ́ awò. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Orí símẹ́ńtì níbẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí. "Jésù, mo bẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Wọ́n là wọ́n. Èyí ńlá yè. Èyí kékeré... kò jí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Èmi-Ò-Bẹ̀, o bẹ̀ tán, kí lo rí gbà?"

Ó gbórí sókè lórí irin. "Ikú mú ọmọ mi, mo sunkún. Kó má rò pé ó gba èmi náà padà lọ́wọ́ Jésù! Jésù tí mo pàdé lórí símẹ́ńtì yẹn, mi ò fi Í sílẹ̀."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o le bí irin, mo mọ̀. Ta ló ń gbé ẹ láti ọjọ́ yìí wá? Ìwọ náà ò bẹ Jésù, síbẹ̀ Ó kú nítorí rẹ. Má dúró dìgbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bá pè ẹ́. Bọ́ awò dúdú yẹn. Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tó o wà gan-an, kó o ní, 'Jésù, gbà mí.'