Adìyẹ Tí Níyìọlá Já Gbà Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, kọ́kọ́ gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ìtàn yìí kò bá oúnjẹ rìn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an, ìríra ló ń kó bá mi.

Ọmọ Àjégúnlẹ̀ ni Níyìọlá. Ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín kan ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Warehouse Road ní Àpápá, ó sì sọ ọ́ ní Ẹnu Ọba. Ó dùn nígbà náà, kí a má parọ́. Láìpẹ́, àwọn èèyàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn náà ṣí tiwọn lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní Kirikiri, wọ́n ṣí i ní ibùdókọ̀ Coconut, pátákó pupa rẹ̀ sì gba ìgboro. Òfin kan ló fún gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra adìyẹ tàbí òróró níbòmíràn, àfi ní kíṣìnnì ńlá tirẹ̀.

Inú kíṣìnnì yẹn ni ẹ̀gbin wà. Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan títí tó fi dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò, Níyìọlá á kó o padà láti àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á ṣa aáyán tó kú sínú rẹ̀ dànù, wọ́n á da ìyẹ̀fun kan sí i kó lè mọ́ lójú, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun. Adìyẹ tó ti ń rùn nítorí àìsí iná, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ata àti kọ́rì bò ó mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Kò sì gbé ẹyọ kan délé rí.

Ó tún wá jẹ́ díákónì! Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, wọ́n á ní kó tọ́ adìyẹ wò kí àlejò tó jẹ, bí àṣà wa. Á ní, "Mo wà nínú ààwẹ̀." Àwọn èèyàn á máa yìn ín pé ẹni Ọlọ́run ni. Ààwẹ̀ wo? Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Lazarus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń tún tírélà ṣe, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Níyì, ìjọ mọ̀ ẹ́. Ṣé Jésù mọ̀ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Laz, ta ló kan òrùlé ìjọ yẹn?"

Ó wá kan Àjégúnlẹ̀. Opó kan tó ń jẹ́ Ebiere ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi ṣí Ẹnu Ọba tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìṣíde, àwọn ọmọdé ìjọ jókòó, abọ́ adìyẹ wà lórí itan wọn. Ìyá Níyìọlá jókòó níwájú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò," ni Ebiere wí. "Na you dem dey wait for."

"Ebiere, mo wà nínú ààwẹ̀."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá fún èmi. Òun ló ń gbààwẹ̀, èmi tí mo bí i ò gbààwẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òkìkí adìyẹ yìí, kò fún mi jẹ rí!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá gbé itan adìyẹ sẹ́nu. Níyìọlá fò dìde, ó já ẹran náà gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ta ní ń gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀?

"Níyìọlá," ni màmá wí, "kí ló wà nínú ẹran yìí?" Màmá wo àwọn ọmọ náà. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Ó sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń bì sí gọ́tà. Lazarus tẹ̀ lé e.

"Laz, bá mi sọ fún wọn pé kò jinná ni."

"Mi ò ní bá ẹ parọ́. Bó o bá dákẹ́, àwọn ọmọ yẹn á jẹ ẹ́."

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, Ẹnu Ọba parí nìyẹn."

"Make e finish! Jésù ò kú fún pátákó, Níyì. Ìwọ ló kú fún."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé Ó lè gba irú èmi yìí? Mo rùn, Laz."

"Ẹni tó rùn ni wọ́n ń wẹ̀."

Níyìọlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà. "Jésù, mo fi ẹ̀gbin bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì fi orúkọ Rẹ bò ó. Ṣàánú mi. Wẹ̀ mí."

Ó padà wọlé, ó ní, "Ẹ má jẹ ẹ́," ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ebiere fi igbe ta, ó di í mú lọ́rùn aṣọ. Níyìọlá kò gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọn aláṣẹ lọ sí kíṣìnnì náà, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Wọ́n yọ ọ́ nípò díákónì. Ó ta ilé rẹ̀ láti fi dá owó Ebiere àti ti àwọn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yòókù padà. Ó di ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Àjégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó sì ń jẹun pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má wulẹ̀ tutọ́ sílẹ̀ nítorí Níyìọlá. Kí ni ìwọ ń gbé fún ọmọ ẹlòmíràn tí o kò ní jẹ́ kó kan ẹnu ìyá rẹ? Kí lò ń fi àdúrà àti ọrẹ ìjọ bò mọ́lẹ̀? Ọlọ́run rí i, ó sì ń kó Òun nírìíra ju bó ṣe ń kó wa nírìíra lọ. Síbẹ̀, Jésù na ọwọ́ sí ọ, Ó ní kí o máa bọ̀ bí o ṣe wà yẹn.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Un, kí o sì dìde lọ sọ òtítọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀. Òní ni kí o lọ. Bó bá di ọ̀la, ọmọ ọlọ́mọ á ti jẹ ẹ́.