Alárinà Inú Ọgbà

Oorun gidi ló gbé Honorine lọ lórí ìtàgé lọ́jọ́ tí òun àti Fulcran kọ́kọ́ pàdé. Ilé eré kan ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ló ń múra ọ́pẹ́rà tuntun, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, sílẹ̀, nígbà tí àtùpà gáàsì ṣì ń tan ìtàgé. Nínú eré náà, Honorine ni jagunjagun obìnrin tí àwọn òrìṣà ilẹ̀ yìnyín mú sùn sáàárín iná. Fulcran ni akọni tó máa la iná náà kọjá láti jí i, kó lè mú un lọ fún ọba tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi ṣaya. Fulcran kọrin títí, obìnrin kò dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọmọge, ẹ dìde, iná ti kú."

Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Honorine, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn.

Láti ìgbà náà ni Fulcran ti ń sìn ín dé ilé. Wọn a rìn lẹ́bàá odò Saône, wọn a pín búrẹ́dì àti wàràkàṣì jẹ. Fulcran a máa bi í bóyá ó fẹ́ràn ilé tó ní ọgbà, bóyá ó wù ú láti bí ọmọ púpọ̀. Ìyá Honorine, opó tó ń hun aṣọ ṣẹ́dà, ní ọkùnrin olórin kì í ṣe ọkọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tìyá-tọmọ ò bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́.

Nígbà míì, Théodule a bá wọn rìn. Òun ló ń ṣe ọba nínú eré náà. Ọmọ olówó ni, ṣùgbọ́n ojú a máa tì í níwájú obìnrin. Kì í sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Fulcran ní kí Honorine àti ìyá rẹ̀ wá jẹun ọ̀sán nílé àwọn Théodule, pé ọ̀rọ̀ pàtàkì wà nílẹ̀. Honorine lọ aṣọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dá a lójú pé Fulcran fẹ́ tọrọ òun ni.

Bí wọ́n ṣe jẹ adìyẹ tí wọ́n fi ọtí wáìnì sè tán, bàbá Théodule dìde, ó sì tọrọ Honorine fún ọmọ rẹ̀. "Fulcran ṣe alárinà tó dáa," ni bàbá náà wí. "Mo ti ṣèlérí fún un pé bó bá bá wa rí ìyàwó yìí, Sidonie ọmọ mi di tirẹ̀."

Sidonie jókòó ti Fulcran, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Fulcran ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀.

Honorine pè é jáde sínú ọgbà.

"Ilé ọlọ́gbà tí o ń bi mí nípa rẹ̀, ilé ta ni?"

"Ilé yìí ni."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Fulcran yíjú sí ilé. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti nífẹ̀ẹ́ Sidonie. Mi ò sọ fún ọ rí pé mo fẹ́ ọ."

Honorine rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti jọ sọ. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́ rí. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ìtàn yìí kan náà ni wọ́n jọ ń kọ lórin lójoojúmọ́, kò sì fura.

Ó padà wọlé, ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ fún Théodule pé kò ṣeé ṣe. Ojú ti Théodule.

"Mo ní kí Fulcran sọ fún yín pé èmi ni mo rán an," ló wí. "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ìyá Honorine ò bá a wí lójú ọ̀nà. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ìgbà tó wà ní kékeré, títí wọ́n fi délé.

Bàbá Théodule ṣì fi Sidonie fún Fulcran, Honorine àti Fulcran sì jọ ṣe eré náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Fulcran di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ayé, ó ń rọra bẹ̀ ẹ́ pé, "Honorine mi, dárí jì mí."

Honorine tẹrí ba fún àwọn òǹwòran. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni," ló wí. "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."