Iná Ọ̀tún Bọ́ọ̀sì Keje

Ọlọ́kadà kan ló rí òkú Mọ́láyọ̀ ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fàdá ní Mowe, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọkọ̀ tó gbá a kò dúró. Bàtà rẹ̀ kan wà nínú gọ́tà, èkejì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àfọ́kù gíláàsì iná mọ́tò sì fọ́n ká sílẹ̀ bí èèpo ẹyin.

Ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ayọ̀níkẹ́, ni wọ́n jọ ń fọ mọ́tò lẹ́yìn ilé epo kan. Oṣù kejì nìyẹn tí wọ́n gba kọ́ńtíráàtì bọ́ọ̀sì mẹ́jọ tó ń kó òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ibafo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú ń bí Ayọ̀níkẹ́ pé àbúrò òun pẹ́. Òun nìkan ló fọ bọ́ọ̀sì keje, ó fọ bọ́ńpà rẹ̀ tó tẹ̀, ó sì dán iná rẹ̀. Ọ̀sán ni ìròyìn tó dé bá a.

Nígbà tó di Túsìdeè, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kọ́ńtíráàtì ò mọ ọ̀fọ̀. Kò tíì sunkún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún un, ó ṣe àmín. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Báyìí ni Inspẹ́kítọ̀ Sọ̀fíyátù, ọlọ́pàá tó ń wádìí ikú náà, ṣe bá a. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Àǹtí." Ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò. "Ẹ bá mi wo àfọ́kù yìí. Ibi tí àbúrò yín ṣubú sí la ti ṣà á. Àwọn rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní gíláàsì iná tó ti gbó ni, pé ẹnì kan fi sáńpépà dán an."

Ayọ̀níkẹ́ wò ó. Ní igun àfọ́kù náà, ilà kan tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ bí àpá èékánná.

"Ọwọ́ Mọ́láyọ̀ nìyí, mà." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Bí ẹni ń ka nọ́ńbà mọ́tò ló ṣe sọ ọ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bí oòrùn bá ti sọ iná bọ́ọ̀sì di pípọ́n, àwa la máa ń dán an. Èmi ń dán tòsì, òun ń dán tọ̀tún. Ó máa ń tẹ sáńpépà jù nígun ìsàlẹ̀, á wá fa ilà. Mo máa ń bá a wí. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la dán lóṣù tó kọjá."

Bọ́ọ̀sì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà ní ìlà níbẹ̀, ìhó ọṣẹ bò wọ́n. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka nu igun iná ọ̀tún. Ilà wà lára ti àkọ́kọ́. Ó wà lára ti ìkejì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ keje, ó nu igun náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ti ibí ò ní ilà."

"Èmi ni mo tún un dán ní Sátidé," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. "Tọ̀tún nìkan ló pọ́n. Máníjà ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ti fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù pé iṣẹ́ wa ò dáa. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ wa." Ó na fóònù rẹ̀ sí i.

Inspẹ́kítọ̀ gbọ́ ohùn náà tán. "Iná méjì, oòrùn kan. Báwo ni ọ̀kan ṣe máa pọ́n kí èkejì má pọ́n? Wọ́n ti yọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi tòkunbọ̀ tó ti pọ́n síbẹ̀."

Ayọ̀níkẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yìí ló fọ ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ dànù, tó tún fi aṣọ nù ún gbẹ. Ó yẹ kí ó dùn ún. Ó dúró kí ó dùn ún, kò dùn ún.

Sàhéèdì tó ń wa bọ́ọ̀sì keje, tó dúró nítòsí, ti dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Mà, ilé mi ní Àgbàdo ni mo sùn sí mọ́jú Sátidé! Aago mẹ́jọ ni mo wọ yáàdì ilé-iṣẹ́ tí a ń gbé ọkọ̀ sí, Máníjà ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Máníjà Ògúnlàdé. Òun ló fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní iṣẹ́ náà. Ní Sọ́ńdè, ó gbé páálí bisikíìtì kan wá láti fi bá Ayọ̀níkẹ́ dárò.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ rí bọ́ọ̀sì keje kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé e wá fọ̀ ní Sátidé?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ Sàhéèdì ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Ká ní mo rí nǹkan ni, ǹ bá ti sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́."

Inspẹ́kítọ̀ tẹ fóònù Ayọ̀níkẹ́. Ohùn Ògúnlàdé jáde: "Àǹtí Ayọ̀níkẹ́, iṣẹ́ yín ò dáa o. Iná ọ̀tún bọ́ọ̀sì keje ti tún pọ́n. Ẹ tètè dán an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá wá ẹlòmíì."

"Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú lẹ fi èyí ránṣẹ́ ní Sátidé," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Sàhéèdì ò tíì dé yáàdì. Ọkọ̀ tí ẹ ò rí láti Ọjọ́bọ̀, ta ló sọ fún yín pé iná rẹ̀ pọ́n? Ẹni tó de iná náà mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ló lè mọ̀. Ẹ wá fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ obìnrin yìí kí ó lè bá yín pa ẹ̀rí rẹ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé olóògbé ti fi ọwọ́ rẹ̀ sàmì sára gíláàsì tí ẹ fọ́."

Ògúnlàdé ṣí fìlà lórí. "Èrò ìsìn àìsùn ni mo fi ọkọ̀ náà kó. Mo ti já wọn sílẹ̀, mo ń padà, oorun gbé mi. Mi ò mọ̀ pé àbúrò wọn ni."

"Ẹ ti mọ̀ ní Sọ́ńdè," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. "Ẹ gbé bisikíìtì wá."

Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ, wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì keje tẹ̀lé e. Inspẹ́kítọ̀ ní kí Ayọ̀níkẹ́ lọ sinmi.

"Ọṣẹ ti ń gbẹ lára àwọn tó kù, mà."

Ó tu omi sí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Nígbà tó dé iná ọ̀tún, ó ti mú sáńpépà lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbèrò láti pa ilà yẹn rẹ́. Ó ju sáńpépà náà sílẹ̀. Ó fi ìka tọ ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́láyọ̀, o tún tẹ̀ ẹ́ jù," ló wí, bó ṣe máa ń bá a wí. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó rí ọ̀nà jáde.