Oníkẹ́mísì Tí Kò Lè Gbé Oògùn Mì

Ẹ̀rù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé tọ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó.

Ọ̀gá Kẹ́mísì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀ bíi dókítà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí o bá ní orí ń fọ́ ọ, yóò ti bá ọ kẹ́dùn kí o tó sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà kan ló múlé tì í, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, pósí ló sì ń kàn jù. Bí wọ́n bá jọ jókòó síta, káfíńtà a ní, "Ọ̀rẹ́, ẹni tó o bá rí wò sàn, tìẹ ni. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀." Àwọn méjèèjì a bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà tí káfíńtà kò wọ̀ rí. Níbẹ̀ ni Ọ̀gá Kẹ́mísì ti máa ń fi òwú àti sípíríìtì nu déètì kúrò lára páálí oògùn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, tí yóò sì fi òǹtẹ̀ lu déètì tuntun sí i. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn kì í ṣe ẹran tí ń rà. Ta ni yóò mọ̀? Ọlọ́run mọ̀.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà kì í fo ọjọ́ kan láì lò ó, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ń ga sí i. Ọ̀gá Kẹ́mísì ní kí ó dín iyọ̀ kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà ṣubú níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí kan pósí tíṣà, Ọ̀gá Kẹ́mísì ń gbọ́ ìró òòlù láti inú ṣọ́ọ̀bù: kò, kò, kò. Lójijì ni ọkàn rẹ̀ fò. Ó lù lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ bí ẹni ń ronú, lẹ́yìn náà ó ta gìdì bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn. Ó gbá àyà rẹ̀ mú, ó ní ooru ni.

Kì í ṣe ooru. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti ń lù ségesège. Bó ń jẹun, ìka rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́. Bó ń dá oníbàárà lóhùn, ìka rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́. Bó ṣe ń ṣọ́ ọkàn náà ni ẹ̀rù ń bà á sí i, bí ẹ̀rù sì ṣe ń bà á ni ọkàn náà ń ṣìnà sí i. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú gbogbo oògùn tó kún pẹpẹ rẹ̀, kò jẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsípítù. Dókítà fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, ó yẹ bébà tó ń jáde wò.

"Bàbá, lóòótọ́ ni ọkàn yín ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà míì. Ẹ máa lo oògùn yìí kó má baà burú sí i. Ṣùgbọ́n àníyàn náà ń dá kún un. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Kò sí nǹkan kan, dókítà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ra oògùn náà, ó gbé e fún un pẹ̀lú ife omi. Ọ̀gá Kẹ́mísì yí páálí náà síwá sẹ́yìn níbi iná, ó fi èékánná họ déètì rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tì í sápò. Ó ní, "Màá lò ó tó bá yá." Kò lò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tún wà nínú yàrá ẹ̀yìn, òwú lọ́wọ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ kì í fún ẹrú rẹ̀ ní ìsinmi nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Ni ọkàn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó di páálí mú, àti òun àti páálí sì jọ wó lulẹ̀. Káfíńtà gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Oògùn tí wọ́n fún ẹ dà?"

"Ó wà lápò mi. Mi ò lè gbé e mì."

"Kí ló dé?"

Ọ̀gá Kẹ́mísì wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bóyá ẹnì kan ti nu tèmi náà."

Káfíńtà wo òwú, ó wo ìgò sípíríìtì, ó wo òǹtẹ̀. Ó mú páálí kan nílẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n ti nu déètì rẹ̀.

"Tíṣà ńkọ́?"

Ọ̀gá Kẹ́mísì bú sẹ́kún.

Ó wu káfíńtà kó dìde, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kan pósí yẹn. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ìdí ìgò ọtí ni Jésù ti rí òun náà he, kò sì lọ.

"Ọ̀rẹ́, mi ò ní tàn ẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Dókítà á tọ́jú ọkàn tó ń lù, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó ń lé e kiri, kò sí kẹ́mísì tó ń ta oògùn ẹ̀. Jésù ló kú nítorí ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ kò ní déètì tó ń kọjá. Jẹ́wọ́, kó o sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

"Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Níbo lo rò pé o wà báyìí?"

Láàárín àwọn páálí náà ni oníkẹ́mísì ti ké sókè: "Jésù, mo ti pa èèyàn. Ṣàánú mi!" Káfíńtà gbé e lọ sí ọsípítù. Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó gbé e mì, kò béèrè déètì.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ, ó kó gbogbo páálí fún wọn. Lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó tíṣà. Màmá náà gbọ́ ọ tán. Ó wọlé lọ, ó gbé oògùn tó ṣẹ́ kù nídìí ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ wá, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò tíì ṣí títí di òní.

Ọ̀gá Kẹ́mísì ń dúró de ìdájọ́. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò fi ìka ṣọ́ ọ mọ́. Ó ti fi í lé ẹni tó ni í lọ́wọ́.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fò ló fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Bí tìrẹ bá ń fò, má fi falẹ̀, lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bó bá bi ọ́ pé kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù, kí ni wàá sọ? Kí ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn tìrẹ?

Ọkàn tó ń lù láyà rẹ báyìí, ìwọ kọ́ ló ń mú un lù. Tíṣà kò mọ̀ pé òun kò ní fá irùngbọ̀n náà tán. Ẹni tó ń mú kí ọkàn rẹ lù ló ń pè ọ́ yìí: kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù, kí o sì gbà á gbọ́. Má sọ pé tó bá yá. Oògùn tó wà lápò kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Gbé e mì lónìí.