Fáníìṣì Tí Kò Gbẹ

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo fa ikú awakọ̀ náà. Wọ́n ní mi ò wé waya mọ́tò kẹta dáadáa, pé òun ló fi gbiná lórí òkè, òun ló sì pa ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá wa ló kọ ìwé náà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Tí àwa bá ní mọ́tò ní ilé iṣẹ́ wa, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ là ń sọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ọkọ̀ ojú irin kì í fúnra rẹ̀ yí táyà. Iná mànàmáná ló ń ṣe, iná yẹn á wá lọ sínú àwọn mọ́tò tó sùn sísàlẹ̀, láàárín táyà onírin méjì méjì, àwọn ló ń yí i. Ojú irin tiwa sì tóóró. Ohun tó bá máa wọ àárín táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó ń fà ò kéré. Ńṣe ni mọ́tò wa dà bí ẹni tó wọ bàtà ọmọdé gun òkè. Ó máa ń gbóná gan-an, kò sì síbi tí ooru rẹ̀ máa gbà jáde.

Fáníìṣì, oje tó máa ń gbẹ bo waya kí iná má bàa jò, ló ń gbà á là. Tí mo bá wé waya bàbà tán, a ó rì í sínú fáníìṣì, a ó gbé e sínú ààrò, ibẹ̀ ni yóò wà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Tí kò bá gbẹ dé inú, iná á máa jò láti ara waya kan sí èkejì, títí ọjọ́ kan tó máa bú. Ọ̀gá yọ mọ́tò kẹta kúrò nínú ààrò lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, torí pé ọkọ̀ kan ń dúró dè é, àwọn tó jù ú lọ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ku ọjọ́ méjì. Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ ọ́ fún: mo kìlọ̀, kò gbọ́.

Ọkọ̀ náà gbiná lójú òkè lọ́sàn-án gangan. Èéfín kún yàrá awakọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò fò jáde. Ó di bíréèkì mú títí ọkọ̀ fi dúró. Gbogbo èrò ló sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Òun ò sọ̀.

Òfin kan wà nínú yàrá fáníìṣì tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí mi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí fáníìṣì bá ṣì tutù. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló máa ń ṣọ́ òfin náà. Bàbá Gíláàsì là ń pè é, torí gíláàsì méjì ló máa ń wọ̀ léra wọn. Àwa ọ̀dọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ní ìyàwó rẹ̀ ló ṣòfin yẹn fún un nílé kó tó gbé e wá síbi iṣẹ́. Òun á kàn ní fáníìṣì tútù kì í ṣa ohun tó ń mú: eruku, irun, eṣinṣin, gbogbo rẹ̀ ló ń mú.

Lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin awakọ̀, wọ́n gbé mọ́tò tó jóná padà wá fún ìwádìí. Mo fọwọ́ kàn án. Ìka mi lẹ̀ mọ́ ọn.

Waya bàbà ti yọ́ pọ̀, irin ti dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ fáníìṣì ara rẹ̀ tutù, ó ń dán, ó ń rùn bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì í. Ohun tó ti jóná tó bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó ní omi lára mọ́. Mo nu ìka mi. Nígbà tí mo tún wò ó, ojú ibi tí mo fọwọ́ kàn ti pa dé, àmì ìka mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá Gíláàsì bọ́ gíláàsì kan, ó bọ́ èkejì. Mi ò rí ojú rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ rí. Ó rọra bi mí pé ta ló sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Mo ní ọ̀gá ni. Ó tún gíláàsì méjèèjì wọ̀.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tí wọ́n rán wá ṣèwádìí dé. Ìyàwó awakọ̀ bá a wá. Wọ́n fún un ní àga, kò gbà á. Orí àpótí irinṣẹ́ ló jókòó sí, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọ̀gá ka ìwé tí a máa ń kọ iye ọjọ́ ààrò sí sókè: ọjọ́ mẹ́ta ló ti kọ síbẹ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí o, ẹnu mi ló kàn gùn ju waya mi lọ. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni Bàbá Gíláàsì mú ọ̀pá ìgbọ́ran wá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. A máa ń fi orí rẹ̀ kan ti ara mọ́tò tó ń yí, a ó fi etí sí orí kejì, a ó sì gbọ́ bí nǹkan bá ń ha nínú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ò yí, kò sì sí waya kankan tó so mọ́ ọn. Ọ̀gá bi í bóyá ó ti ń ṣarán, pé kí ló fẹ́ gbọ́ lára òkú irin. Bàbá fi orí ọ̀pá ti ara mọ́tò náà. Ó na orí kejì sí obìnrin olùwádìí.

Obìnrin náà fi etí sí i. Ó yọ etí, ó wo ọ̀gá, ó tún fi etí sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọ̀gá wá gbọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá gba ọ̀pá bí ẹni ń ṣeré. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ nínú ọ́ìlì.

"Ohùn mi ni," ó ní. "Ohùn mi ló wà níbẹ̀."

Mo mú ọ̀pá nílẹ̀, mo fi etí sí i. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ààrò. Mo gbọ́ ọ̀gá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi: "Ẹ gbé e jáde. Tó bá ti gbẹ lójú, ó ti gbẹ nínú." Mo wá gbọ́ ara mi: "Ọ̀gá, ó ku ọjọ́ méjì."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Obìnrin olùwádìí ti ń fa ìlà pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yọ etí. Ìró inú ọ̀pá dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè mu ife omi kan tán. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, tó ń bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Mo sì gbọ́ ohùn mi, tòun tẹ̀rín:

"Rárá o, sà. Kí ni tèmi níbẹ̀? Ṣebí awakọ̀ ló máa wà á, kì í ṣe èmi."

Mi ò rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ro ẹjọ́ yìí kiri, gbólóhùn yẹn ò sí nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohùn mi ni. Ẹ̀rín mi ni. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ẹnì kan ń mí nínú irin lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀.

Mo yọ etí. Obìnrin olùwádìí ní ó ti tán, kí n máa lọ sílé sinmi, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn mi mọ́. Lára irin, fáníìṣì ti ń gbẹ láti etí wá sí àárín, ó ń di eérú bó ṣe ń lọ. Láìpẹ́ kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ mọ́.

Ìyàwó awakọ̀ dìde lórí àpótí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú mi.

"Àbúrò, forí jì mí," ó ní. "Àárọ̀ kan ò kọjá kí n má ṣépè fún ẹ."

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo fi orí ọ̀pá kan sí i létí, mo fi orí kejì ti ibi tó ṣì ń dán lára irin.

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Tó bá dákẹ́, ẹ má yọ etí. Ó ṣì ku tèmi."