Ìṣákọ́lẹ̀ Oòrùn

Páńẹ́lì ni Ìdáraolúwa kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó gbé e. Ohun pẹlẹbẹ dúdú kan ń sọdá títì márosẹ̀ ní Òrè lọ́sàn-án gangan, ó gùn bí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ méjì tó wọ bàtà rọ́bà sì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe yí láti yẹra fún tírélà kan báyìí ni oòrùn bọ́ sí i lára, ìmọ́lẹ̀ náà sì gbá Ìdáraolúwa lójú níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù. Epo tó ń wọ̀n yà kúrò lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, ó dà sí oníbàárà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn pátákó yẹn!" ó kígbe. "Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

Pátákó dúró. Orí kan yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, òógùn bò ó, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Oòrùn ló rí yín, tó ní òun fẹ́ kí yín."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́. Kó máa lọ."

"Kò rí ọ̀nà lọ ni. Epo ti tán nínú ọ̀kadà tó gbé wa. Ẹ bá wa wọn jálá kan."

Ọmọ Ògúndípẹ̀ tó ni ilé epo náà ni Ìdáraolúwa, kì í dédé rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ra jálá kan. Lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé sólà lọ́wọ́, ẹ tún wá ń ra epo lọ́dọ̀ mi?"

"Ìgbà ìkẹyìn nìyí," ni ọkùnrin náà wí.

Kì í ṣe ìgbà ìkẹyìn o. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá ra jálá kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́sàn-án. Nígbà kẹrin, Ìdáraolúwa ti mọ̀ pé kò ní ọ̀kadà. Nígbà kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ti ń wo ọ̀nà.

Olúwabámiṣe Ọ̀ṣuntóyìn lorúkọ rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ sólà ní Àkúrẹ́, òun ló sì ń bójú tó iná tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan ṣe sí Ajue, abúlé tí bàbá rẹ̀ ti ń dáko kòkó láti ọgbọ̀n ọdún. Apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá, ilẹ̀ tí wọ́n ń dá kì í ṣe tiwọn. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn á ru iṣu àti epo pupa lọ sílé onílẹ̀, kó lè fi hàn pé òun ò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Onílẹ̀ ọ̀hún ni Olóyè Ògúndípẹ̀, bàbá Ìdáraolúwa.

Ká má parọ́ mọ́ Olóyè. Èèyàn dáadáa ni, bí ẹ bá ti lè kí i tó bó ṣe fẹ́. "Ìmọ́lẹ̀ Òrè" ló kọ sára pátákó ilé epo rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tó yà nígbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi bíi yàrá. Òun ló máa ń tàn án fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́, á sì dúró síta díẹ̀ kí àdúgbò lè rí ẹni tó fún wọn ní iná. Ilé àdúrà mẹ́rin ní Òrè àti Odígbó ló fún ní jẹnẹrétọ̀, orúkọ rẹ̀ sì hàn lára wọn ju orúkọ Olúwa lọ.

Iná Ajue ò dùn mọ́ ọn nínú. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, aṣojú orílẹ̀-èdè méjì ló wá. Àwọn kan ló sanwó rẹ̀, àwọn kejì ló ṣe páńẹ́lì àti bátìrì. Gbogbo wọn dé fìlà tí kò gbà wọ́n lórí, wọ́n sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn kúrò nínú fọ́tò. Tọ̀tún tòsì ló ń ṣàlàyé pé òun gan-an ni ọ̀rẹ́ tòótọ́ tí Ajue ní láyé. Àwọn ará Ajue, tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà ti rí ẹ̀gẹ́ wọn rin ni, pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Ìdáraolúwa lọ wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń ṣiṣẹ́ láìyọ èéfín, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìpariwo. Bámiṣe fi àpótí kan hàn án lára ògiri.

"Ọ̀gá bátìrì nìyí. Lóṣooṣù, wọ́n á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, iná ṣí di oṣù míì."

"Bí nọ́ńbà ò bá wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀."

"Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ epo nìyẹn."

Bámiṣe wò ó títí. "Ìdára, ṣé ìfẹ́ lo bá wá ni àbí ẹjọ́?"

"Méjèèjì. Ẹjọ́ ni mo kọ́kọ́ rò."

Ọjọ́ yẹn ni Bámiṣe di ọwọ́ Ìdáraolúwa mú, tí ìyẹn ò sì gbà á padà.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Bámiṣe wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó lọ bá Olóyè láti tọrọ ọmọ rẹ̀. Ó lọ lóun nìkan. Àṣìṣe gidi nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ní àṣìṣe kó tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń rí bàbá rẹ̀ tó ń wọ àgbàlá yẹn pẹ̀lú ẹrù lórí, tó ń dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ẹrù. Kò fẹ́ rí i mọ́.

Olóyè wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá á rí èèyàn. "Ta ló bá ẹ wá?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ nìkan náà ni wàá bá ara ẹ padà." Ó nu ojú pẹ̀lú áńkáṣíìfù. "Ọmọ oníṣákọ́lẹ̀ mi ni ẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Òyìnbó ló ń tàn ẹ́, òun náà ló ń pa ẹ́. Lọ́jọ́ tí iná Ajue bá tàn láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó sókè òkun tó ń ṣí i fún yín, padà wá."

Ìdáraolúwa bá a lójú ọ̀nà. "Kí ló dé tí o ò mú bàbá ẹ dání?"

"Mi ò fẹ́ kó tún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ."

"Irọ́. Ojú ló ń tì ẹ́. O rò pé bàbá mi nìkan ló nígbèéraga ní Òrè?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wá ra epo.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, orílẹ̀-èdè méjèèjì tó ti ya fọ́tò ní Ajue dá ìjà sílẹ̀ lórí owó ẹnubodè. Èyí ní òun ò ní jẹ́ kí ọjà tọ̀hún wọlé mọ́, tọ̀hún ní òun náà ò ní máa ṣí bátìrì tóun ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bá èyí ṣe. Nọ́ńbà ò wá. Bámiṣe kọ lẹ́tà, ó pè títí, wọ́n ní kó ní sùúrù. Iná Ajue kú. Àwọn obìnrin padà sí ẹ̀rọ elépo, Olóyè sì fi mọ́tò la abúlé náà já lẹ́ẹ̀mejì láì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ó kàn ń ju ọwọ́ sí wọn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Ìyá Àdúrà Motún, tó ń darí ilé àdúrà Ajue, ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà gbé ìkòkò omi àdúrà, ó fi ìgbàgbọ́ da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí ara ògiri. Ó dún gbàmù. Èéfín gba ilé.

Níbẹ̀ ni Ìdáraolúwa bá Bámiṣe, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń wo àpótí dúdú bí ẹni tó ń wo òkú.

"Ó parí," ó wí. "Mò ń lọ sí Èkó."

"Kí o tó lọ, ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ bá ilé-iṣẹ́ yẹn fọwọ́ sí dà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kà á. Ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó tíì kà á nínú yín."

Òótọ́ ni, inú náílọ́ọ̀nù ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Ìdáraolúwa kà á láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ní ojú ìwé kọkànlá, ó fi ìka tẹ ìlà kan: bí ilé-iṣẹ́ náà bá kùnà láti pèsè iná fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ di ti abúlé.

"Ọjọ́ kelòó rèé tí iná ti kú?"

Bámiṣe ṣírò ọjọ́. "Ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́rùn-ún."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Dìde nílẹ̀, olólùfẹ́ mi. Lọ fọjú."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dìde lóòótọ́. Àpótí tó jóná yẹn nìkan ló ń béèrè nọ́ńbà. Kò sí ohun tó ṣe páńẹ́lì, kò sí ohun tó ṣe bátìrì. Ó lọ bá Àzíìz, rewáyà tó ń tún iná tírélà ṣe ní gáréèjì Òrè, àwọn méjèèjì sì to àpótí míì tí kò mọ òkè òkun rí. Ó wúwo, kò lẹ́wà. Kò gbé gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn obìnrin fẹnu kò pé láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́ta, tí oòrùn bá le, nìkan ni wọn yóò máa rin ẹ̀gẹ́.

Lọ́jọ́ tó tàn, Ìyá Àdúrà Motún jó yí ilé ká. "Ẹ rí i báyìí? Omi àdúrà ló ṣí i!"

Bámiṣe la ẹnu. Ìdáraolúwa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bámiṣe wí. Bí a bá sì rò ó dáadáa, irọ́ kọ́ ló pa.

Kí ìkórè tó dé, ogun bẹ́ sílẹ̀ létí òkun kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ní Òrè. Ọkọ̀ epo ò rí ibẹ̀ gbà mọ́. Ilé epo Ìmọ́lẹ̀ Òrè gbẹ, jẹnẹrétọ̀ ńlá dákẹ́, fọ́tò ara pátákó sì wà nínú òkùnkùn bíi ti gbogbo èèyàn. Fóònù Olóyè pàápàá kú. Nígbà tí ìkórè dé, mọ́tò ò lọ, àwọn oníṣákọ́lẹ̀ ò rí ẹrù gbé wá, ló bá fi epo tó kù nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, Ìdáraolúwa ló sì wà á dé Ajue.

Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn fún wọn ní ìjókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé omi wá. Olóyè mu ún, ó sì wo inú ife.

"Omi yìí tutù."

"Inú fíríìjì ló ti wá, Olóyè."

"Ta lẹ ń san ti iná rẹ̀ fún?"

"Kò sẹ́ni, sà. Oòrùn ò tíì béèrè."

Olóyè wo Bámiṣe, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ìdáraolúwa ló sọ̀rọ̀.

"Dádì, ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀yin ń san tiyín fún?"

"Èmi? Èmi onílẹ̀?"

"Àwọn kan jà níbi tí ẹ ò dé rí, ilé epo yín gbẹ. Àwọn kan jà lórí owó ẹnubodè, Ajue ṣókùnkùn. Gbogbo wa la jọ ń ru iṣu lọ sílé ẹlòmíì. Àwọn ará ibí ti sọ tiwọn kalẹ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí ariwo. Olóyè máa ń fi ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ bínú, ó sì ti mí sínú bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kàn mu omi tutù náà tán.

"Ṣé nǹkan yìí á gbé páǹpù mi?"

"Á gbé e, sà," ni Bámiṣe dáhùn.

"Pátákó mi ńkọ́?"

"Á tan ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò yín gan-an, sà."

"Àjèjì ò ní gun òrùlé mi o. Ẹni tó bá máa gun ún, kí n ti mọ ẹni tó bí i."

"Èmi ni mo bí i, Olóyè," ni Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti mọ̀ mí."

Olóyè wo ọkùnrin náà. "Iṣu rẹ ni mo mọ̀," ó fèsì. "Mi ò tíì mọ̀ ọ́." Ó sì sún lórí àga gígùn, ó fún un láyè kó jókòó.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bámiṣe wà lórí òrùlé ilé epo, Ìdáraolúwa di àkàbà mú nísàlẹ̀. Bó ṣe gbé páńẹ́lì àkọ́kọ́ sókè báyìí ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbá a lójú.

"Bámiṣe! O tún ti ṣe é!"

"Oòrùn ló ní òun fẹ́ kí ẹ."

"Sọ fún un pé kó jókòó."

Bámiṣe rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé. Òógùn bò ó bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Ilé yín ńkọ́? Nọ́ńbà wo ni mo máa tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún mi?"

"Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ẹ kàn kanlẹ̀kùn. Kí bàbá ẹ ṣáájú, kí ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó má sì ru nǹkan kan."

"Iṣu ńkọ́?"

"Ìyẹn di ọjọ́ ẹrù ìyàwó," ni Ìdáraolúwa wí, ó fi ìborí rẹ̀ nu òógùn kúrò níwájú orí Bámiṣe. "Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ fúnra ẹ lo máa rù ú."